Honda Evil Spirit mi ń ké "krrrr" láràárọ̀: ṣé ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn?

TísàÀpáta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí n tó lọ yá owó.

Honda Accord 2008 ni mò ń wà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Evil Spirit, ẹ́ńjìnnì 2.4, oní-sílíńdà mẹ́rin. Tòkunbọ̀ ni nígbà tí mo rà á ní 2019. Máìlì tó wà lójú rẹ̀ nígbà náà lé díẹ̀ ní 118,000. Lónìí ó ti kọjá 171,000. Àpáta n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kẹ́mísírì wà lápá Mọ́níyà, ẹ sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe máa ń rí láàárọ̀. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbọ́dọ̀ ti wà nídìí sítíárìn.

Ohun tó ń ṣe é rèé. Bí mo bá ti ta kọ́kọ́rọ́ báyìí, tí ẹ́ńjìnnì gbé e, iwájú ọkọ̀ á ké "krrrrrr!", bí ìgbà tí èèyàn da ìṣó sínú agolo mílíìkì tó wá ń mì ín jìgìjìgì. Kí n tó sọ pé "Jésù", ó ti dákẹ́. Mo lè wà á dé Mọ́níyà kí n sì wà á padà, kò ní dún mọ́. Tí mo bá pa á ní ilé ìwé, tí mo tún ṣáná sí i lẹ́yìn wákàtí méjì, kò ní ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ kejì bá mọ́, krrrr.

Ọmọ alájọgbélé mi tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ ti kọ́ ohùn rẹ̀ tán. "Àǹtí Krrr, ẹ káàsán" ló fi ń kí mi. Alhaja tó ń din àkàrà lẹ́nu géètì wa sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ò nílò aago ìjí mọ́, mọ́tò mi ló ń jí òun kí òun tó po ẹ̀wà. Màmá mi ní tiwọn ní kí ni mo rò tẹ́lẹ̀ tí mo fi lọ ra mọ́tò tó ń jẹ́ ẹ̀mí àìmọ́, tí mo tún wá ń bi àwọn èèyàn pé kí ló ń ṣe é.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi. Kò gbọ́ ariwo náà rárá, torí ẹ́ńjìnnì ti gbóná kí n tó débẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n tẹ ìtẹ̀ epo lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí, ó ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Kí n lọ wá ₦750,000, òun á tẹ̀ lé mi dé Gate lọ ra tòkunbọ̀ míì. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ ariwo ọ̀hún ni?" Ó ní, "Àǹtí, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún kò nílò kó gbọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí ju owó lọ. Tí ọmọ kan bá kọ èsì ìdánwò tí kò ṣe sínú ìwé, òdo gbọọrọ ni mo máa ń fún un.

Iná check engine kò tàn. Ọ́ìlì 20W-50 ni wọ́n máa ń dà sí i. Mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo bá rántí. Ẹ má tíì bú mi.

Ṣé lóòótọ́ ni ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ?

Káyọ̀dé_Ṣàgámù

Àǹtí, ẹ má pa ara yín. Ọ́ìlì tó ki dáadáa ni kí ẹ dà sí i, kí ẹ wá fi ọ̀kan nínú àwọn oògùn ọ́ìlì inú agolo kékeré yẹn kún un. Corolla ẹ̀gbọ́n mi ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí a da nǹkan yẹn sí i ló panu mọ́, kò sì dún mọ́ títí wọ́n fi tà á.

BàbáSípánà

Káyọ̀dé, ẹni tó ra Corolla yẹn ni mo máa ń rí. Ọ̀dọ̀ mi ló máa ń gbé e wá.

Tísà, ẹ kú ìdààmú. Ẹ má tíì na kọ́bọ̀ kankan. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí l'Abẹ́òkúta, mo ṣì ń fẹ́ gbọ́ kí n tó sọ̀rọ̀. Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣe fún mi lọ́la kí ẹ tó jáde.

Kí ẹ tó ṣáná, ẹ fa dípsíìtì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, ẹ tún fà á yọ. Ẹ sọ ibi tí ọ́ìlì dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ẹ fún ẹnì kan ní fóònù kó dúró síwájú ọkọ̀, kó ti máa gba ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó ta kọ́kọ́rọ́. Mo fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ké. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀ o. Ẹ̀rù máa ń mú kí àáyá méjì dà bíi mẹ́wàá létí ẹni tó ni mọ́tò.

Ìdí tí mo fi ń béèrè àkókò ni pé ohun kọ̀ọ̀kan tó ń dún nínú mọ́tò ní ìgbà tirẹ̀. Bẹ́líìtì iwájú á hàn "fíììì" láàárọ̀ tí ìrì bá sẹ̀, ó lè tó ìṣẹ́jú kan kó tó gbẹ, ẹ sì máa mọ̀ pé rọ́bà ni, kì í ṣe irin. Sítátà tí eyín rẹ̀ kò tètè jáde á họ irin bí ẹní ń fi ọ̀bẹ họ ìkòkò, lásìkò tí ọwọ́ yín ṣì wà lórí kọ́kọ́rọ́ gan-an. Písítìn tó ti láàyè jù nínú sílíńdà á máa dún kọ́-kọ́-kọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, bó bá ṣe ń gbóná ni á máa lọ sílẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tó ń ti ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín ẹ́ńjìnnì ṣí, tó bá ti là jù, á dún tìkì-tìkì-tìkì bí ẹ̀rọ ìránṣọ, láti àárọ̀ títí dalẹ́. Irin tín-ín-rín tó bo sàlẹ́ńsà tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti jábọ́ náà máa ń dún, àmọ́ ìyẹn á tún dún nígbàkigbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbọ̀n, pàápàá tí ẹ bá dúró nínú gòsíló pẹ̀lú jíà nínú D.

Nọ́ọ̀kì tí wọ́n sọ fún yín yẹn ńkọ́? Bẹ́ẹ̀rìn ìsàlẹ̀ ló jẹ. Ohùn rẹ̀ wúwo, á máa dún gbù-gbù-gbù láti abẹ́, tí ẹ bá tẹ epo láti gun òkè, á tún le sí i. Nọ́ọ̀kì kì í ké láàárọ̀ kó lọ sùn lọ́sàn-án. Mọ́tò tó bá ti nọ́ọ̀kì kò lè máa gbé yín lọ sí Mọ́níyà kó sì gbé yín bọ̀ bíi pé kò sí nǹkan.

TísàÀpáta

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe é.

Ìṣẹ́jú àáyá méjì géérégé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú fóònù dání. Mo ti gbọ́ ọ nígbà mẹ́fà, méjì ni, kò lé, kò dín. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mi ò bá ti búra pé ó tó mẹ́wàá.

Ti dípsíìtì ni mi ò fẹ́ sọ. Ṣóńṣó ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ló rẹ̀, kò tilẹ̀ dé ihò àkọ́kọ́. Ó sì dúdú bí omi ẹlú. Ìgbà tí mo yẹ ìwé tí mo fi ń ṣírò owó wò, oṣù kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn. Ẹ lè wá bú mi báyìí.

BàbáSípánà

Mi ò ní bú yín. Ẹni tó yẹ kó fa dípsíìtì yẹn yọ kó tó dárúkọ ₦750,000 ni mo fẹ́ bú, àmọ́ kò sí níbí.

Tísà ni yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ni. Camshaft méjì, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí, ló wà lókè ẹ́ńjìnnì yín. Ọ̀kan ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ àti epo láti wọlé, ìkejì ń ṣí ọ̀nà fún èéfín láti jáde. Ṣéènì ló ń yí àwọn méjèèjì, Honda yìí kì í lo táímìn bẹ́líìtì. Gíà tó wà lórí camshaft àbáwọlé ni wọ́n ń pè ní VTC. Ẹ má rò pé irin gbọnrangandan kan ni. Inú rẹ̀ ṣófo, abẹ̀bẹ̀ irin kan sì wà níbẹ̀ tí ọ́ìlì ń tì síwá sẹ́yìn, kí fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn ọ̀nà yẹn, lè tètè ṣí tàbí kó dúró díẹ̀, bí eré ọkọ̀ bá ṣe fẹ́.

Tí ẹ bá pa ọkọ̀, ọ́ìlì á ṣàn padà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí abẹ̀bẹ̀ yẹn má baà máa já kiri, píìnì kékeré kan wà tó máa wọ ihò rẹ̀, tó máa tì í pa bí ọ̀pá ìdábùú ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀, tí pọ́ǹpù bá ti gbé ọ́ìlì dókè, agbára ọ́ìlì á ti píìnì padà, abẹ̀bẹ̀ á ráyè rìn. Tí píìnì tàbí ihò rẹ̀ bá wá ti jẹ, kò lè di nǹkan kan mú. Láàárín ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbé e àti ìgbà tí ọ́ìlì dé òkè, abẹ̀bẹ̀ á máa lu ògiri gíà lọ́tùn-ún lósì. Àáyá méjì yín nìyẹn.

Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní cold start. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọyẹ́ ni, wọ́n á ní Ìbàdàn kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òtútù ojú ọjọ́ ló ń sọ. Ọkọ̀ tó ti sinmi mọ́jú ni, tí ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ tán lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi ké ní ilé ìwé lẹ́yìn wákàtí méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ ra gíà. Pẹ̀lú ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, gíà tuntun pàápàá lè ké. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Ẹ wá sọ fún mi bóyá 20W-50 ni.

TísàÀpáta

Mo ti jáde lọ kà á. "5W-20" ló wà lórí rẹ̀. Láti 2019! Ìdérí náà kò sì farapamọ́ fún mi rí.

BàbáSípánà

Ẹ ò dá nìkan wà. Ọgọ́rùn-ún mọ́tò ló ń wọlé sí ọ̀dọ̀ mi, tí ìdérí wọn ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dá lóhùn.

Ọ́ìlì tó ki gan-an bíi 20W-50 kì í yára gòkè láàárọ̀. Àáyá méjì tí píìnì ò fi rí nǹkan dì mú lè di mẹ́ta. Ní tèmi, pẹ̀lú oòrùn wa àti ẹ́ńjìnnì tó ti rin tó bẹ́ẹ̀, 5W-30 tó dára ni mo máa ń dà sí irú rẹ̀, àwọn kan á ní kí ẹ dúró lórí 5W-20, mi ò ní bá wọn jà. 20W-50 nìkan ni mi ò fẹ́ rí níbẹ̀. Líítà mẹ́rin àti díẹ̀ ló ń gbà, nítorí náà gálọ́ọ̀nù oní-líítà mẹ́rin kan kò ní tó, ẹ mú líítà kan sí i. Ibi tí ọkàn yín balẹ̀ sí ni kí ẹ ti rà á. Ẹ wo ìdè orí rẹ̀ dáadáa, torí gálọ́ọ̀nù ògbólógbòó tí wọ́n rọ ọ́ìlì àlòkù sí kún ìgboro.

Fílítà ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń dí ọ̀nà kí ọ́ìlì má ṣàn padà tí ọkọ̀ bá ti kú. Ní fílítà tí kò dára, rọ́bà yẹn máa ń gan bí awọ gbígbẹ, gbogbo ọ́ìlì á sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́jú.

Ẹ ṣe ìyẹn, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá padà.

Ayọ̀_Houston

Bàbá ti sọ gbogbo rẹ̀. Accord 2010 ni tèmi níbí ní Texas, ohùn kan náà, àáyá méjì kan náà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kì í ṣe àṣírí. Honda fúnra wọn fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ wọn lórí ariwo yìí, fún Accord oní-sílíńdà mẹ́rin láti 2008 dé 2012, wọ́n sì ní kí wọ́n fi gíà VTC tí wọ́n tún ṣe rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ẹ pààrọ̀ odindi ẹ́ńjìnnì, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Kí n sọ òótọ́, mo fi ariwo yẹn wà á fún bí ọdún méjì kí n tó ṣe é. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Nítorí náà, Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ó gba oorun lójú yín.

BàbáSípánà

Ayọ̀, ìwọ ò bàjẹ́ torí o ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ọ̀nà Houston kọ́ ni ọ̀nà Mọ́níyà. Mo ti tú èyí tó ti ń lu ara rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta rí, tí ṣéènì náà ti gùn jù, tí iná check engine sì ti tàn. Tísà, ẹ má sáré, àmọ́ ẹ má fi ṣe ọdún méjì.

Ọmọ_Ladipo

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Àǹtí Tísà, tí ọ̀rọ̀ bá di ríra gíà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jókòó sí Ladipo, ọjà ẹ̀yà mọ́tò l'Ékòó, lójoojúmọ́.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa gbé síwájú yín. Belgium, ìyẹn àlòkù tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì míì. China. Orijínà. Èmi tí mò ń ta Belgium ni mo ń sọ fún yín pé kí ẹ má ra Belgium fún nǹkan yìí. Sítátà, ẹ lè rà. Ọwọ́ ilẹ̀kùn, iná iwájú, ẹ rà. Ṣùgbọ́n píìnì inú gíà yẹn kò ṣeé fojú rí láti òde, mọ́tò tí wọ́n ti tú u sì lè jẹ́ Evil Spirit tó ń ké krrr ní tirẹ̀.

Tí owó ò bá tó, tí ẹ sì fẹ́ ra àlòkù náà dandan, ẹ dì í mú lọ́wọ́ kan, kí ẹ fi ìkejì gbìyànjú láti yí àárín rẹ̀. Tó bá dì pa, ìrètí ṣì wà. Tó bá ń mì kẹ́kẹ́kẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà kí ẹ tó sanwó, kó má tíì di ìjà.

Mi ò ní dárúkọ iye rẹ̀ níbí, bí dọ́là bá sín lọ́la, irọ́ ni mo pa. Ẹ kàn mọ̀ pé kò dé ìdajì owó ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bi yín.

Ohun kan ṣì kù. Ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tú u, bí iná ò bá tilẹ̀ tàn. Tí nọ́ńbà àṣìṣe P0341 bá jáde, ṣéènì lè ti gùn. Nígbà náà, ẹ ṣe ṣéènì pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ má baà san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Káyọ̀dé_Ṣàgámù

Mo gbà. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, wọ́n ní ẹni tó ra Corolla yẹn ti dí nọ́ńbà wọn pa.

TísàÀpáta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, mo mọ̀, àmọ́ ìdánwò ìparí sáà ni mò ń ṣe.

Mo kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí, 5W-30. Ẹ gbọ́ èyí: nínú àárọ̀ méje tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta ni ó ké. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bí èsì ìdánwò: Mọ́ńdè, kò ké, Túsìdeè, ó ké, kò gùn tó ti tẹ́lẹ̀, Wẹ́sìdeè, kò ké... Ọjọ́ Sọ́ńdè tí mi ò gbé e jáde, tó wá sùn mọ́jú Mọ́ńdè fún wákàtí mẹ́rìndínlógójì, ni ó ké jù. Mo bá mọ̀ pé ọ́ìlì ti ṣe tirẹ̀, èyí tó kù ti gíà ni.

Ẹnì kan tó jẹ́ pé Honda nìkan ló ń ṣe, lápá Challenge, ni mo gbé e lọ bá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ tí ọkàn mi fi balẹ̀ ni pé, "Mà, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ síbí mọ́jú, mo fẹ́ gbọ́ ọ fúnra mi." Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo padà débẹ̀. Ó ti gbé súkúrúdiráfà gígùn kan, ó fi ẹnu rẹ̀ kan igun iwájú ẹ́ńjìnnì lápá ọ̀tún, ibi tí èrò ń jókòó sí, ó sì fi ìdí rẹ̀ ti etí ara rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ta kọ́kọ́rọ́. Krrrr! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òun náà ni." Ó gbé súkúrúdiráfà náà fún mi pé kí èmi náà gbọ́ bí ó ṣe ń dún báyìí. Mo fi etí tì í, àmọ́ ó ti dákẹ́, ìró ṣéènì tó ń yí jẹ́jẹ́ nìkan ni mo gbọ́, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé tó jìnnà.

Ó fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nọ́ńbà kankan. Ó ṣí ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì. Mi ò rí inú ẹ́ńjìnnì rí láyé mi. Gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ bí oyin tó jóná díẹ̀. Ó ní àwọ̀ yẹn ni ìyà tí ọ́ìlì oṣù mẹ́sàn-án fi jẹ ẹ́, mo wolẹ̀. Ó fi sípánà 19 yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ títí àmì orí àwọn gíà méjèèjì fi kọjú síra wọn. Ó fi ọ̀dà funfun sàmì sí ṣéènì àti eyín gíà níbi tí wọ́n ti pàdé. Ó wá ṣí ìdérí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti píìnì tín-ín-rín kan bọ ohun tó ń fa ṣéènì le kó má baà yọ jáde mọ́, ó fi okùn rọ́bà so ṣéènì náà rọ̀. Mo béèrè ìdí. Ó ní tó bá já bọ́ sísàlẹ̀, a jọ máa sùn síbí ni.

Nígbà tí gíà náà jáde, ó nù ún, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ṣe bí Ọmọ_Ladipo ṣe wí, mo di eyín rẹ̀ mú, mo yí àárín. Kẹ́-kẹ́, kẹ́-kẹ́. Ohùn yẹn gan-an, ní kékeré, nínú àtẹ́lẹwọ́ mi! Ó mú tuntun inú páálí jáde, ó ní kí n yí òun náà. Mo yí i títí ọrùn ọwọ́ ń ro mí, kò mira.

Ó fi tuntun sí i, ó to àwọn àmì ọ̀dà mọ́ra, ó yọ píìnì, ó tún fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ní ìyípo méjì kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ó pààrọ̀ rọ́bà abẹ́ ìdérí náà torí ti àtijọ́ ti gan. Láti àárọ̀ di ọ̀sán nìyẹn. Gíà, rọ́bà àti owó iṣẹ́ lápapọ̀ kò dé ìdá mẹ́ta ₦750,000.

Bàbá, mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù. Ó ní kí n padà wá kí òun wọn àyè tápẹ́ẹ̀tì. Ṣé dandan ni, àbí ó fẹ́ tún fi mí pawó ni?

BàbáSípánà

Ẹ gbà á láyè. Ti Honda yẹn, súkúrú ni wọ́n fi ń tún àyè tápẹ́ẹ̀tì ṣe, kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ti àbáwọlé gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.21 sí 0.25 mílímítà, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ ti tutù pátápátá kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ìdí tó fi ní kí ẹ padà wá nìyẹn dípò kó ṣe é lọ́sàn-án yẹn. Èmi ì bá ti ṣe é ní àárọ̀ tí mo ti ṣí ìdérí kó tó gbóná, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ariwo kó tó tú u, ẹ́ńjìnnì ti gbóná díẹ̀ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, irú wọn kò pọ̀.

Gíà àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ó dé ọjà. Ẹnì kan á nù ún, á tà á fún ẹlòmíì.

TísàÀpáta

Ó wà lórí tábìlì mi ní ilé ìwé, mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí fáànù má fẹ́ ẹ lọ. Àwọn SS2 ti bi mí léèrè ohun tó jẹ́, mo ní kí wọ́n yí àárín rẹ̀ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún mi.

Mọ́ńdè tó kọjá, tó ti sinmi láti Sátidé, mo ta kọ́kọ́rọ́ ní aago mẹ́fà ku mẹ́wàá. Kò sí nǹkan kan. Mo rò pé kò tíì gbé e, mo tún fẹ́ ta á lẹ́ẹ̀kejì kí n tó rí i pé abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ ti dìde. Mo wà á jáde lẹ́nu géètì, kò sí èéfín, kò sí òórùn àkàrà. Ìgbà tí mo padà dé lọ́sàn-án ni Alhaja fi mí sùn fún màmá mi: aago méje kọjá kí wọ́n tó jí.